Ẹlẹ́wọ̀n Tí Kò Ní Ìwé Ìgbélùú

Àwọn àgbà ní, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi í fà á mọ́ra. Ọgbọ́n yìí wà nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015. Ẹlẹ́wọ̀n tí a rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ó kéré tán, tí ó ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, tí ìwà rẹ̀ sì tọ́, lè gba ìdásílẹ̀ onímájẹ̀mú bí ọ̀gá àgbà àwọn wọ́dà bá jẹ́rìí rẹ̀ níwájú ilé-ẹjọ́. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019 tún fi ẹsẹ̀ ètò náà múlẹ̀.

Ìbéèrè tí àwa ń bi àwọn aláṣẹ, láti G.R.A. ìlú Bìní tí ilé gómìnà wà títí dé Àbújá, nìyí: kí ni a ó ṣe fún ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní ìwé ìgbélùú? Ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí ẹni tí a dá sílẹ̀ máa gbé ibi kan pàtó. Òfin sì ní kí ó gba ẹ̀kọ́ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n àjèjì tí kò ní ìwé kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé àárín wa, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣiṣẹ́ lọ́nà òfin. Ohun tí ọwọ́ kan ìjọba pa láṣẹ ni ọwọ́ kejì kà léèwọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè jókòó sí ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé nítorí pé kò ní àdírẹ́sì, tàbí kí a tún mú un lẹ́nu ọ̀nà ọgbà.

Ìlú Bìní kò tíì gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n 1,993 sá kúrò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì tí ó wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ará ìlú kì í ṣe àsọdùn. Síbẹ̀, ẹni tí ó fo ògiri àti ẹni tí adájọ́ ṣílẹ̀kùn fún kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Kì í sì ṣe gbogbo àjèjì ni ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè àjọ náà ní àyè 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọ̀pọ̀ ni ó kàn kọjá ọjọ́ tí a dá fún un.

Àwa pẹ̀lú mọ adùn àti ìkorò àjò. Ní ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn ènìyàn wa ní Gánà ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti ní ìwé tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ní ọdún 1983, ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà kúrò níhìn-ín. Lónìí, àwọn ọmọ Ẹ̀dó tí wọ́n la aṣálẹ̀ Líbíà kọjá wà ní Ítálì láìníwèé. Irú ìdájọ́ tí a ń tọrọ fún wọn ni kí a fi fún ọmọ ẹlòmíràn.

Èrò tiwa ni pé kí ilé-iṣẹ́ tí ń mójútó ìwọlé àti ìjáde àjèjì kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ kí ìgbẹ́jọ́ ìdásílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sọ bóyá ẹni náà yóò lọ tàbí yóò dúró. Òfin ọdún 2015 kan náà gba adájọ́ láyè láti dámọ̀ràn fún Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé pé kí a dá àjèjì tí ó jẹ̀bi padà sí ìlú rẹ̀. Bí yóò bá lọ, kí aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti múra sílẹ̀, kí a má tún tì í mọ́ àtìmọ́lé mìíràn. Bí yóò bá dúró, kí a fún un ní ìwé onígbà díẹ̀ tí yóò parí pẹ̀lú ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, tí yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá da májẹ̀mú.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀bùn ni èyí fún arúfin. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé náà kò sọ ọ́ di ọmọ onílùú; ó kàn jẹ́ kí ìjọba mọ ibi tí ó sùn ni. Bí ọwọ́ òsì bá wẹ ọ̀tún, tí ọ̀tún wẹ òsì, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Kí wọ́dà, adájọ́ àti àwọn aṣọ́nà ẹnubodè fi ìmọ̀ ṣọ̀kan.