Ìwádìí Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n: Kí Ni Èrè Tiwa Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà tàbí ti ikọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì ni, àwọn tí ń wádìí ìlera ará ìlú, àti àwọn tí ń kọ́ni bí a ti ń mú ẹni tí àrùn dá dùbúlẹ̀ padà bọ̀ sípò.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbé baálé ilé kan wá sí dísípẹ́ńsárì wa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un. Inú ilé ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí mo rí i, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká kò, àwọn ìka kò ṣeé nà mọ́, egbò sì ti dá sí i ní ìdí. Ìyàwó rẹ̀ bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, ta ni a ṣẹ̀?” Mo ní, “Ìyá, ẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá wò kẹ́yìn?” Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn.

Ó dùn mí, nítorí ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá yìí ti wà nínú ìwé. Láti ọdún 2014 sí 2017, àwọn oníwàdìí ní Nàìjíríà àti Gánà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ aṣáájú wọn, yẹ ènìyàn 2,118 tí àrùn yìí mú wò. Wọ́n fi wọ́n wé 2,118 mìíràn tí kò mú. Ní 2018 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀. Nǹkan 11 ni wọ́n rí: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá àpọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn ńlá, àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ tí ó ti jinná, àrùn ọkàn, ìjókòó sójú kan, àti sìgá mímu. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó wà nídìí nǹkan bí 98 nínú 100 àrùn náà. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí àjẹ́ nínú wọn.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1963 ni yunifásítì yìí kan náà ti ń rán àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, kí wọ́n lè mọ àìsàn àwọn ará oko ní ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1966, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tí ń fi ìdárayá wo aláìsàn.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ láti rò. Àwọn oníwàdìí kan wá sí ọ̀dọ̀ wa rí. Wọ́n bi àwọn aláìsàn wa ní ìbéèrè, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá sọ ohun tí àwọn rí. A ò tún fojú kàn wọ́n mọ́. Ẹni tí ó gba irúgbìn lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí ó padà wá fi èso hàn wá. Ìwé tí a fi gẹ̀ẹ́sì kọ kò lè dé ọ̀dọ̀ ìyàwó baálé ilé yẹn. Ẹ padà wá, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ lọ́jà, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Bí oníwàdìí bá kan ilẹ̀kùn, à ń sá. A ní wọ́n fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹlòmíràn a máa mu sìgá, yóò ní òun kò mu ún rí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àti ẹni tí yóò rí ìdáhùn yín. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀. Kò sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ìtọ́jú dù yín.

Bí ẹnu ẹnìkan bá yọ́ sápá kan lójijì, tí apá rẹ̀ kan kò ṣeé gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń dùbúlẹ̀, ẹ máa yí i padà. Ẹ má fa apá tí ó rọ náà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà ìgbà tí ìdárayá yóò bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́.

Baálé ilé wa ti ń fi ọ̀pá dìde dúró báyìí, nítorí ìdárayá tí wọ́n ń fún un ní ilé ìwòsàn ńlá. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ kò tíì nà. Ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni mò ń rò.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò lọ́sẹ̀ yìí. Ó dìgbà kan ná.