Ọta Mẹ́ta Kò Tó Ẹ̀rí

Ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní Ohio fẹ́ràn kó máa yìnbọn sí àmì. Kì í ṣe ọdẹ o. Bébà alámì róbótó ló ń yìn ín sí, ní pápá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. AR-15 ni ìbọn rẹ̀: tó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan á jáde, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ìbọn náà á sì ṣiṣẹ́ tí ọta mìíràn á fi bọ́ sípò.

Láìpẹ́ yìí, ó pààrọ̀ ìdìmú iwájú rẹ̀ sí irú èyí tí kì í fara kan irin gígùn tí ọta ń gbà jáde. Ìdí wà fún un: tí ọwọ́ tàbí okùn ìbọn bá ń fa ìdìmú tó fara kan irin yẹn, irin náà lè tẹ̀ bíńtín, ọta á sì yà. Ó yin ọta mẹ́ta, ihò wọn sún mọ́ra dáadáa. Ló bá pariwo: "Ó ti ṣiṣẹ́!"

Mo ní, "Ọ̀gá, yin mẹ́wàá ká rí i." Ó yin mẹ́wàá. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bébà tó yin mẹ́wàá sí kó tó pààrọ̀ ìdìmú. Inú bí i sí mi díẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹ̀tù inú ọta kan lè ju ti èkejì lọ, atẹ́gùn ń fẹ́, èémí ẹni tó ń yìn ín ń mi ìbọn. Ihò méjì tó jìnnà síra jù là sì ń wọn. Bí ọta ṣe ń pọ̀ sí i, àlàfo yẹn lè fẹ̀, kò lè dín kù. Ìṣirò fi hàn pé ìbọn tí ọta mẹ́ta rẹ̀ ń fún wa ní mìlímítà 24 ní ìpíndọ́gba á fún wa ní nǹkan bíi 38 tá a bá yin mẹ́wàá, láìyí ohunkóhun padà. Kódà, ọta mẹ́ta ìbọn kan náà lè fún wa ní 15 lónìí, kó fún wa ní 33 lọ́la.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó fẹ́ kí ìbọn òun dára sí i tó ra irin tuntun, kó kọ́kọ́ ra ọta púpọ̀ àti ìwé tó máa fi ṣe àkọsílẹ̀. Kó yin mẹ́wàá mẹ́wàá ṣáájú àti lẹ́yìn, kó lo ọta oríṣi kan náà, kó sì yí nǹkan kan ṣoṣo padà. Kó má sì yọ ihò tó yà lọ kúrò, kó wá ní "èmi ni mo ṣì í." Lóòótọ́, ọta wọ́n. Irin tí kò wúlò wọ́n jù ú lọ.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń fi ọ̀rẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo wọn ayẹ̀wò mẹ́ta ní láàbù, nọ́ńbà wọn dùn mọ́ mi, mo sì ti kọ ọ́ sínú thesis mi. Nígbà tí mo wọn méjìlá, gbogbo ìtẹ̀síwájú náà pòórá. Oṣù mẹ́rin ló bá a lọ. Kò sẹ́ni tó tàn mí jẹ o. Ibi tó dùn mọ́ mi ni mo ti dúró.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nǹkan kan "ti ṣiṣẹ́", ì báà jẹ́ ìbọn, ì báà jẹ́ àgbo, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dán an wò?