Ẹ Má Sọ Alùpùpù Àtijọ́ Di Ère

Àwọn kan gbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun tuntun kan alùpùpù àtijọ́. Ìtàn Burt Munro já wọn ní koro.

Ọdún 1920 ni ọkùnrin ará Invercargill, ní New Zealand yìí, ra alùpùpù Indian Scout rẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 600cc, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 90 ní wákàtí kan lọ. Ṣẹ́ẹ̀dì ilé ló ti ń tún un ṣe. Inú agolo àlòkù ló ń da irin yíyọ́ sí láti fi rọ písítìnì fúnra rẹ̀! Nígbà tó fi máa di 1967, ẹ́ńjìnì náà ti di 950cc, ó sì sáré kọjá kìlómítà 290 ní wákàtí kan lórí pápá iyọ̀ Bonneville, l'Ámẹ́ríkà. Ẹni ọdún 68 ni Munro nígbà náà.

Ta ló wá fẹ́ bá ẹni tó pààrọ̀ iná fóòtì 6 sí 12 wí, nígbà tó jẹ́ pé ó fẹ́ ríran lóru ni? Bíréèkì ni kó kọ́kọ́ mójú tó, kó tó ronú eré. Kó sì tọ́jú gbogbo páàtì tó bá tú, torí ẹni tó máa jogún alùpùpù náà lè fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà.