Sáńwíìṣì àríyá ọmọ iléèwé: oúnjẹ àná kọ́ ló yẹ ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó máa dún létí gbogbo òbí tí iléèwé bá ti fi ìwé ránṣẹ́ sí pé àríyá ìparí táàmù ti dé, àti pé kí ìyá lágbájá gbé sáńwíìṣì wá.

Lóde òní, yálà nílùú ńlá bí Ìbàdàn tàbí ní abúlé tí iléèwé aládàáni ti wọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí àríyá ọmọdé wáyé kí sáńwíìṣì má sí níbẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi bọ́tà ra, tí wọ́n wá fi ẹyin sísè, ẹja inú agolo tàbí adìẹ tí wọ́n já wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀ ni. Oúnjẹ náà dára, ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni àsìkò tí ọ̀pọ̀ ìyá ń ṣe é.

Ìyá tó ń tajà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kì í ráyè láàárọ̀. Nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àríyá ló ń ṣe sáńwíìṣì tirẹ̀. Nígbà tí aago 9 alẹ́ bá fi lù, ó ti fi máyónéèsì po ẹyin, ó ti tò ó sínú kúlà, ó ti pa á dé. Bí fíríìjì bá tilẹ̀ wà nílé, iná lè má sí mọ́jú. Láàárọ̀, kúlà á gun ọ̀kadà, ó di iléèwé. Níbẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ gbàdúrà, àwọn ọmọ yóò jó, ọ̀gá iléèwé yóò sọ̀rọ̀, wọn yóò pín ẹ̀bùn. Nígbà tí sáńwíìṣì yóò fi dé ẹnu ọmọ ní aago 12 ọ̀sán, wákàtí 15 ti kọjá lórí rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti là á kalẹ̀ pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà níta, láìsí nínú òtútù, ju wákàtí 2 lọ. Ìdí ni pé láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, kòkòrò àìfojúrí a máa pọ̀ sí i kíákíá. Ooru ilẹ̀ Yorùbá kò jáde kúrò láàárín ìwọ̀n yìí, ìbáà ṣe òru, ìbáà ṣe ọ̀sán. Kúlà tí kò sì ní yìnyín nínú kò lè mú nǹkan tutù; ńṣe ló ń pa ooru mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí oúnjẹ bá ti bàjẹ́, imú yóò gbọ́ ọ. Òótọ́ ni ní ti ọbẹ̀ tó kan. Àmọ́ kòkòrò kan wà tó ń gbé nínú imú àti lára awọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le koko. Staphylococcus aureus ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ọwọ́ ló sábà máa ń bá dénú búrẹ́dì. Bó bá ti ráyè pọ̀, á da oró sínú oúnjẹ. Oró náà kì í rùn, kì í yí adùn oúnjẹ padà, gbígbé e kaná kò sì lè pa á. Láàárín wákàtí mélòó kan tí ọmọ bá jẹ ẹ́ ni èébì àti inú rírun á bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, àwọn kan á máa pariwo pé aráyé ti fún ọmọ jẹ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ àti òru tó gun orí oúnjẹ ló fà á.

Àwọn kan yóò ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe ọmọ kankan ní nǹkan kan. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ìròyìn tí WHO gbé jáde lọ́dún 2015 sọ pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí oúnjẹ ẹlẹ́gbin ń pa káàkiri àgbáyé tó 125,000 lọ́dún. Kì í ṣe sáńwíìṣì ló pa gbogbo wọn, àmọ́ ó fi hàn pé ara ọmọdé kò lè gba ohun tí ara àgbà ń gbà.

Èyí kò ní kí wọ́n má ṣe sáńwíìṣì mọ́. Lálẹ́, kí ìyá ra búrẹ́dì, kó fọ ọ̀bẹ àti kúlà, kó sì fi píọ̀ wọ́tà sínú fíríìsà tó bá ní iná, kó lè dì. Ìdájí ni kó se ẹyin títí inú rẹ̀ yóò fi le dáadáa, ìdájí náà ni kó ṣí agolo ẹja. Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó má sì jẹ́ kí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru dé ìdí rẹ̀. Bó bá ṣe tán, kó tò ó sáàárín píọ̀ wọ́tà tó ti dì nínú kúlà. Ẹni tí kò bá rí ohun dídì, kó fi bọ́tà àti jáàmù nìkan sí búrẹ́dì, kó fi ẹyin àti ẹja sílẹ̀.

Iléèwé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Oúnjẹ ló yẹ kó ṣáájú ijó. Kí àwọn ọmọ fọwọ́, kí wọ́n jẹun ní kété tí oúnjẹ bá dé, kí àsọyé àti ẹ̀bùn tẹ̀lé e. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n má dì í sínú náílọ́nù fún ọmọ láti gbé lọ sílé.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé sáńwíìṣì olóyìnbó nìkan ló yẹ àríyá? Bí wọ́n bá la búrẹ́dì, tí wọ́n ki àkàrà bọ inú rẹ̀, kí ló tún ń jẹ́ sáńwíìṣì? Ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí àtọmọdọ́mọ Yorùbá wà, àkàrà yìí kan náà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, ni wọ́n ń là láàárín, tí wọ́n ń fi edé sí. Lọ́dún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ohun tí wọ́n ń fi yangàn lọ́hùn-ún ni àwọn òbí kan níhìn-ín ń tijú láti gbé lọ sí iléèwé. Bẹ́ẹ̀ ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àkàrà tí wọ́n dín ní ìdájí kò ní máyónéèsì, kò ní ẹyin. Òun náà kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú, àmọ́ ìyá tó mọ àkàrà í dín kò ní fi òru dín in sílẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá àgbà tó bá wà nílé nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń po ẹyin lálẹ́ àríyá, ẹnu rẹ̀ gba ọ̀rọ̀. Kó sọ pé ó di ìdájí, kí òun náà sì jí bá a ṣe é. Oorun wákàtí kan tí wọ́n bá pàdánù kò tó èyí tí wọn yóò pàdánù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ ní ọsibítù.