Àṣìṣe, Ìkùnà àti Ìjábọ̀ nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

"Àṣìṣe" ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu bí a bá ń wá èdè-ìperí fún ohunkóhun tí kò lọ déédéé nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti ṣí fáìlì, àṣìṣe ni. Bí ẹni tí ó kọ ètò bá fo ìlà kan, àṣìṣe náà ni. Èrò tiwa ni pé ìlò yìí ń ṣi ènìyàn lọ́nà, pàápàá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ àyípadà tí ẹlòmíràn ṣe sí ètò wò kí a tó gbà á wọlé.

Àṣìṣe kò lè ṣàì ní ẹni tí ó ṣì í ṣe. Dísìkì tí ó bàjẹ́ kò ṣi nǹkan kan ṣe. Ó kùnà ni. Ètò tí ó sì padà wá sọ fún ẹni tí ó rán an pé iṣẹ́ kò ṣeé ṣe kò ṣàṣìṣe rárá. Ó jábọ̀ ni.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, nítorí ètò méjèèjì tí ọ̀ràn náà kàn ni a fi àkọsílẹ̀ wọn síta fún gbogbo ayé. Linux ni èkíní, tí ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. PostgreSQL ni èkejì, tí a fi ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni. PostgreSQL a máa rán Linux níṣẹ́ pé kí ó kó ìsọfúnni láti ibi ìpamọ́ onígbà-díẹ̀ lọ sórí dísìkì. Bí dísìkì bá kùnà, Linux a jábọ̀ bẹ́ẹ̀, PostgreSQL a sì tún un rán. Ní 2018 ni àwọn tí ń kọ PostgreSQL wá mọ̀ pé, lẹ́yìn ìjábọ̀ àkọ́kọ́, Linux ti ka ìsọfúnni náà sí èyí tí kò sí iṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Bí a bá tún un rán, ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ti parí. PostgreSQL a gbà á gbọ́, ìsọfúnni a sì ṣòfò láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Ẹni tí ó bá ń wá àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ PostgreSQL kò ní tètè rí i. Ètò náà gbọ́ ìjábọ̀, ó sì tún iṣẹ́ rán. Ohun tí ó yẹ kí olùyẹ̀wò béèrè ni pé, ìjábọ̀ kejì yìí, lórí iṣẹ́ wo ni? Àyípadà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejì 2019 mú kí PostgreSQL dá ara rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀ tí irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ó sì tún iṣẹ́ ṣe láti inú ìwé tí ó ti kọ gbogbo ìyípadà sí ṣáájú. Ẹni tí ó ń fi ojú àṣìṣe wò ó lè sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìjábọ̀ ni yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tí a rán kò ṣeé gbára lé mọ́ lórí iṣẹ́ yẹn, ìwé náà sì ni ẹlẹ́rìí tí ó kù. (Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ti àtijọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ètò adarí ní ń ṣe bíi Linux.)

Nítorí náà, a dábàá pé kí "àṣìṣe" jẹ́ ti ènìyàn, kí "àléébù" jẹ́ ti àkọsílẹ̀ ètò, kí "ìkùnà" jẹ́ ti ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí "ìjábọ̀ ìkùnà" sì jẹ́ ti èsì tí ètò mú padà. Àwọn kan lè ní ó gùn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bá "ìjábọ̀ àṣeyọrí" mu, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbà padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán ni: nínú Linux, òdo sábà máa ń dúró fún àṣeyọrí, nọ́ńbà tí ó dín sí òdo fún ìkùnà.

Èyí tí kò tíì tẹ́ wa lọ́rùn ni orúkọ fún ìgbà tí ètò bá gba ìjábọ̀ ìkùnà tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ìgbémì" ni a ń lò fún un báyìí. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa.