Àdéhùn Amẹ́ríkà àti Ṣáínà lórí ojú ọjọ́: kí ló kan àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré?

Tí a bá gbọ́ orúkọ Amẹ́ríkà àti Ṣáínà nínú ìròyìn, ìjà lórí owó ẹnubodè tàbí lórí Taiwan ni a máa ń rò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn méjèèjì ti jókòó sọ papọ̀, tó sì kan oko kòkó wa ní gúúsù Èkìtì. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni.

Éèfín èédú, epo àti gáàsì ló ń mú ayé gbóná. Nínú èyí tó ń jáde lágbàáyé, Ṣáínà àti Amẹ́ríkà nìkan ló ni ohun tó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ. Ti Nàìjíríà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àgbẹ̀ wa mọ hẹ̀rẹ̀-huru yìí. Bí òjò bá pọ̀ jù, kòkó á máa rà dúdú lórí igi, owó oògùn tí wọ́n ń fọ́n á sì máa lé sí i. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gùn, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn á gbẹ. Lọ́dún 2024, ojú ọjọ́ burúkú àti àrùn ba kòkó jẹ́ ní Ghana àti Ivory Coast, owó tọ́ọ̀nù kan sì kọjá 10,000 dọ́là. Ẹni tí kòkó rẹ̀ so ló jèrè. Ẹni tí tirẹ̀ rà kàn gbọ́ ìròyìn ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Barack Obama ṣèlérí ní Beijing pé Amẹ́ríkà yóò dín éèfín rẹ̀ kù. Xi Jinping náà ní ti Ṣáínà kò ní máa pọ̀ sí i mọ́ tó bá di nǹkan bí ọdún 2030. Ìfẹnukò yìí ló la ọ̀nà fún àdéhùn Paris ti 2015, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí. Ní 2017, Donald Trump ní Amẹ́ríkà ń jáde. Joe Biden dá a padà ní 2021, àwọn méjèèjì sì tún fẹnu kò ní Glasgow lọ́dún náà. Nígbà tí Nancy Pelosi ṣàbẹ̀wò sí Taiwan ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Ṣáínà dá ìjíròrò náà dúró. Wọ́n tún ṣe àdéhùn mìíràn ní Sunnylands ní 2023. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Trump tún fọwọ́ sí i pé kí Amẹ́ríkà jáde.

Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé àjọṣe yìí wúlò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìjà tí kò kan òjò rárá lè dà á rú lọ́jọ́ kan. Kò yẹ kí á fi oko wa sí abẹ́ rẹ̀ nìkan.

Ní Glasgow, àwọn méjèèjì ṣèlérí láti lo òfin wọn kí igi tí wọ́n gé lọ́nà àìtọ́ má baà wọ ìlú wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin ẹnubodè Ṣáínà kò lè ṣọ́ igbó ọba Ìsẹ̀, níbi tí ìnàkí ṣì ń gbé, tí àwọn agégẹdú àti oko tuntun ti jẹ mọ́ inú rẹ̀. Igi wọ̀nyẹn ló ń fa omi mọ́lẹ̀, tó sì ń dín ooru kù.

Àwa Mùsùlùmí gbà pé ilẹ̀ jẹ́ amánà tí Ọlọ́hun fi sí wa lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ìjọba Èkìtì jẹ́ kí ará ìlú mọ ẹni tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti gé igi, àti iye tí ó gbọ́dọ̀ gé. Kí àwọn ọba àti aṣáájú wa má ṣe dijú sí àwọn tó ń gé e lóru. Kí àgbẹ̀ sì fi igi ńlá díẹ̀ sílẹ̀ láàrin kòkó rẹ̀ fún ibòòji. Àwọn alágbára méjì yìí lè bá ara wọn rẹ́ lọ́la, wọ́n sì lè tún jà. Igbó Ìsẹ̀ tí a bá gé tán lónìí kò ní dúró dè wọ́n.