Wọ́n Ṣí Ilé Tuntun, Oníbàárà Kò Rí Ọ̀nà

Ní oṣù yìí, mo fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn mìíràn lè rò pé kò yẹ kó wọ inú ìwé ìròyìn ìjọ, èyíinì ni ojú òpó ayélujára tí àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ láàárín wa ń lò. Èmi náà ìbá rò bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìdílé kan ká níṣojú mi, tí èmi pàápàá sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Arákùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń rán aṣọ ilé-ìwé àti aṣọ akọrin. Télọ̀ mẹ́sàn-án ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Ojú òpó wọn àtijọ́ kò lẹ́wà rárá. Àwòrán inú rẹ̀ ti ṣú, orúkọ ilé-ìwé kan tí wọ́n ti tì pa sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá ilé-ìwé kan bá ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ fún ọmọ igba lórí Google, ibẹ̀ ló sábà máa ń já sí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà pé ọdún mẹ́wàá, ọkọ ní àfi kí wọ́n tún un ṣe. Ìyàwó ní kí wọ́n ní sùúrù títí iṣẹ́ aṣọ ìwọlé oṣù kẹsàn-án yóò fi kọjá. Ọkọ kò gbọ́. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì dùn ún wò. Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣe ayẹyẹ, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, wọ́n ní kí pásítọ̀ gbàdúrà kó sì tẹ bọ́tìnnì. Mo gbàdúrà, mo tẹ̀ ẹ́, a pàtẹ́wọ́, a jẹ ìrẹsì. N kò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò sí iṣẹ́. Ímeèlì tó ń wọlé lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́ pátápátá. Ó ní àwọn ayé ni, ó ní nínú àwọn tó jẹ ìrẹsì òun lọ́jọ́ yẹn ni ẹni tó fi ojú burúkú wo iṣẹ́ òun wà, ó sì fẹ́ kí á gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti ṣe ohun kan kó tó wá o: ó ti lé akọ̀wé wọn lọ, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Ọmọbìnrin náà ló ń dáhùn ímeèlì, ó sì dá ọ̀gá rẹ̀ lójú pé ńṣe ló ń darí àwọn oníbàárà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyàwó ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọn kì í kí ara wọn mọ́ nínú ilé.

Mo gbà fún ààwẹ̀ náà. Èmi kọ́ ni yóò sọ pé ọ̀tá kò sí. Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí kò kéré. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń mójú tó ẹ̀rọ nínú ìjọ bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun yẹ ojú òpó náà wò. Kò tó wákàtí kan tó fi rí ohun méjì.

Ó ṣàlàyé fún wa pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Ó ń fi ibi tí ojú òpó wà han ẹni tó ń wá a, ó sì tún ń fi ibi tí ímeèlì yóò gbà wọlé hàn. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kó ojú òpó lọ sí ibùgbé tuntun, ó kó méjèèjì lọ láìmọ̀. Ímeèlì ń wọlé, àmọ́ àpótí tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà ló ń bọ́ sí. Lẹ́tà 37 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ilé-ìwé tó fẹ́ rán aṣọ 400.

Ohun kejì ni ti àdírẹ́sì. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan nínú ojú òpó àtijọ́ ló ní àdírẹ́sì tirẹ̀, ti aṣọ ilé-ìwé lọ́tọ̀, ti aṣọ akọrin lọ́tọ̀. Ó ti pẹ́ tí Google ti mọ àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí, àwọn oníbàárà náà sì ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp. Nínú èyí tuntun, gbogbo rẹ̀ ló yí padà. Ẹni tó bá tẹ ti àtijọ́, ògiri ló ń bá pàdé: wọ́n á ní àwọn kò rí ojú-ewé tó ń wá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà tí a fi ń so àdírẹ́sì àtijọ́ mọ́ tuntun, kí ẹni tó gba ọ̀nà tó ti mọ̀ lè já sí ilé tuntun láìṣe wàhálà. 301 ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Fún ojú òpó kékeré bíi tiwọn, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Kò sẹ́ni tó ṣe é, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ohun tó wà nínú èyí àtijọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wó o.

Ẹ rántí Ísákì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 26. Àwọn Fílístínì ti di àwọn kànga bàbá rẹ̀, ó sì tún wọn gbẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí Ábúráhámù sọ wọ́n náà ló tún fi pè wọ́n. Mo ti wàásù lórí ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà, n kò bi ara mi léèrè rí pé kí ló dé tí kò fi sọ wọ́n ní orúkọ tuntun. Darandaran tó ti fi orúkọ kan mọ kànga, bí a bá yí orúkọ náà padà mọ́ ọn lọ́wọ́, òǹgbẹ lè gbẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìlówó ló fà á. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ Marks & Spencer dáadáa, ilé ìtajà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1884. Fún ọdún mélòó kan, orí ẹ̀rọ Amazon ni wọ́n gbé ojú òpó wọn lé. Ní oṣù kejì ọdún 2014, wọ́n ṣí tiwọn tuntun, tí wọ́n ná nǹkan bí 150 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé lórí. Àwòrán rẹ̀ rẹwà. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó ti ń bá wọn rà á bọ̀ ní láti tún forúkọ sílẹ̀, bí ẹni tí wọn kò rí rí. Ọ̀pọ̀ bínú. Ní oṣù mẹ́ta tó parí ní òpin oṣù kẹfà ọdún náà, ọjà tí wọ́n tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Nígbà tó yá, ó tún gòkè. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè dúró de ìgbà tó yá. Ilé-iṣẹ́ télọ̀ mẹ́sàn-án kò lè dúró; owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wọ́n.

Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, kò sì sọ fún ẹnì kan. Òru ló dìde, ó yí odi ká, ó ń wo ẹnubodè tó jóná àti ibi tí òkìtì àlàpà kò jẹ́ kí ẹran tó gùn rí ọ̀nà kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó pe àwọn èèyàn sí iṣẹ́. Ìwọ arákùnrin, ìwọ arábìnrin tí o ní ilé-iṣẹ́, ǹjẹ́ o ti rìn yí ojú òpó rẹ ká bẹ́ẹ̀? Ta ni orúkọ rẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀? Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ọmọ tó ṣe é fún un ló fi ímeèlì ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀; ọmọ náà ti lọ sí Kánádà, kò gbé fóònù mọ́. Orúkọ tó parí sí .ng, àjọ NiRA ló ń bójú tó wọn, a sì gbọ́dọ̀ tún owó rẹ̀ san bí àkókò bá pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣé ẹ̀dà èyí àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ tí o lè gbé padà bí nǹkan bá bàjẹ́? Ṣé o ti fi káàdì tìrẹ san owó díẹ̀ lórí rẹ̀, kí o rí i bóyá owó náà wọlé ní tòótọ́? Má ṣe wò ó lórí kọ̀ǹpútà ńlá ọ́fíìsì nìkan. Gba fóònù kékeré ọwọ́ télọ̀ rẹ, kí o ṣí i, kí o sì wo iye dátà tí àwọn àwòrán yẹn ń jẹ.

Ó tún kù. Mo ti rí ojú òpó tí fọ́tò ọ̀gá gba gbogbo òkè, tí nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ pátápátá, wínńtín bí irúgbìn músítádì. Àwa pásítọ̀ kò gbẹ́yìn nínú èyí. Ẹ wo ti ìjọ tiwa náà, ẹ wá aago ìsìn níbẹ̀.

Ní ti ọjọ́ tí a ó ṣí i, ẹ fi Sátidé sílẹ̀ fún ìgbéyàwó. Òwúrọ̀ Túsìdé ni kí ẹ ṣí i wẹ́rẹ́, nígbà tí ẹni tó ṣe é bá wà nítòsí títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Bí nǹkan bá ti tòrò, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá síbi ìrẹsì.

Àdírẹ́sì ti ìdílé yẹn, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi so ó padà. Ilé-ìwé tó fẹ́ aṣọ 400 ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òkò tí ọkọ sọ sọ́jà ti ba ará ilé rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí èmi àti ìyàwó òun bá òun lọ sí ilé akọ̀wé náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Ọmọbìnrin náà ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún ẹgbẹ́ akọrin pé olè ni òun, kí ó wá sọ níbẹ̀ pé òun kọ́. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, níbi ìdánrawò orin, ó dìde ó sì sọ ọ́. Èmi náà dìde, mo sọ tèmi.

Kò padà sí ibi iṣẹ́ wọn. Ìyàwó ló ń dáhùn ímeèlì báyìí.